Peugeot 504 àti 301: Nínú bàbá àti ọmọ, èwo ló yẹ ojú ọ̀nà wa lónìí?



Ọkọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí. Ọ̀kan jẹ́ àgbà, èkejì jẹ́ ọmọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Peugeot ti ilẹ̀ Faransé, ló bí àwọn méjèèjì. Ìlú kan náà, Kàdúná ní àríwá Nàìjíríà, ni wọ́n sì ti to àwọn méjèèjì pọ̀ fún ọjà Nàìjíríà. Àgbà ni Peugeot 504, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Pijó. Ọmọ ni Peugeot 301.

Níbi tí àwọn awakọ̀ bá ti jókòó ní gáréèjì, yálà ní Kàdúná, ní Kánò tàbí ní Jos, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Àwọn kan á ní kò sí ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn 504, pé páànù lásán ni wọ́n ń tà fáwọn èèyàn báyìí. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá ṣì ń wa 504 lónìí, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọkọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n, ká wo ibi tí òótọ́ ọ̀hún mọ.

Ibo ni wọ́n ti wá?

Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ fi 504 han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris. Ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya bó ṣe máa rí. Nígbà tó fi di 1969, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó ta yọ jùlọ lọ́dún náà ní Yúróòpù.

Lásìkò yẹn, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí lọ ní Nàìjíríà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìjọba ní òun kò fẹ́ kó jẹ́ pé òkèèrè nìkan ni ọkọ̀ yóò ti máa wá. Ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn pé kí wọ́n wá máa to ọkọ̀ pọ̀ nílé. Volkswagen gba Èkó lọ, Peugeot gba Kàdúná. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ibi méjèèjì. Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo èèyàn ń pè ní PAN, ni orúkọ ilé-iṣẹ́ ti Kàdúná.

Kò pẹ́ tí 504 fi gba ìlú kan. Òun ni ọ̀gá ìjọba ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òun ni ọlọ́pàá fi ń lé olè, òun náà ni olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń fi owó àjẹmọ́nú rà. Irú rẹ̀ tó gùn lẹ́yìn, ìyẹn station wagon, ló ń kó èrò láti ìlú kan dé ìkejì. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Ní Senegal, àwọn èèyàn ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní "sept-places", ìyẹn ni pé ìjókòó méje.

Ọdún 1983 ni ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ṣíwọ́ ṣíṣe 504 onílé, àmọ́ Kàdúná kò dúró. Wọ́n ṣì ń to 504 níbẹ̀ wọ inú ọ̀rúndún tí a wà yìí. Gbogbo 504 tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ọdún 2012 ni 301 jáde. Peugeot ṣe é fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dán, tí àpò àwọn èèyàn ibẹ̀ kò sì wúwo púpọ̀. Ọdún 2014 ni PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ tuntun tí Dangote àti Peugeot jọ dá sílẹ̀ ní Kàdúná kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde.

Kí ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?

Ẹ́ńjìnnì 504 tó gbajúmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà méjì, 1971 cc ni wọ́n kọ sí i. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún un. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi agbára ẹṣin 95 lọ. Èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì ló lé díẹ̀ ní 100. Jíà mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wọn ní.

Ẹ́ńjìnnì 301 tó jẹ́ 1.6 kéré sí ti bàbá rẹ̀, 1587 cc ni. Síbẹ̀, agbára ẹṣin 115 ló ń mú jáde. Jíà márùn-ún ló ní tó bá jẹ́ èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí.

Báwo ni kékeré ṣe wá lágbára ju ńlá lọ? Ẹ wò ó bí ilé tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣe pọ̀ tó ni wíwọlé àti jíjáde máa ṣe yá tó. Nínú 504, fáàfù méjì ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ọ̀kan fún èéfín tó ń jáde. Nínú 301, mẹ́rin ni. Yàtọ̀ sí èyí, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń wọn epo tí yóò wọlé, tó sì ń yàn ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò tan iná. Kò sí òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú kábúrétọ̀.

Nítorí náà, ní ti eré sísá, ọmọ ti fi bàbá sílẹ̀. 301 lè sá tó nǹkan bíi kìlómítà 188 ní wákàtí kan. 504 oní-kábúrétọ̀ kò ju nǹkan bíi 160 sí 165 lọ. Kí 301 tó ti ibi tó dúró sí dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 9 sí 10 ni yóò gbà. 504 yóò gba nǹkan bíi 13 sí 15. 301 sì tún fúyẹ́ jù ú lọ ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù.

Ibì kan wà tí àgbà kò ti gbà. Agbára tí ọkọ̀ fi ń fa ẹrù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú eré. Ẹ́ńjìnnì 504 máa ń yọ agbára ìfàga rẹ̀ jáde nígbà tó ṣì ń yí jẹ́jẹ́, ní nǹkan bíi ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti 301 ní láti yí dé nǹkan bíi 4,000 kó tó yọ tirẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí awakọ̀ 504 fi lè kó èrò àti ẹrù kún inú ọkọ̀, kó sì gun òkè láìdààmú jíà.

Ta ni kò jẹ epo jù?

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó ń da epo sọ́kọ̀ tí kò kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀.

504 tó pé, tí kábúrétọ̀ rẹ̀ kò yà, máa ń mu nǹkan bíi lítà 10 sí 12 lórí kìlómítà ọgọ́rùn-ún. 301 tó jẹ́ 1.6 máa ń mu nǹkan bíi 6.5 níbi ìdánwò ilé-iṣẹ́. Àmọ́ kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbi ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ti ọ̀nà tó bàjẹ́ kún un, ká pè é ní 8.

Kàdúná sí Àbújá tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Bí 504 bá mu 12 lórí ọgọ́rùn-ún, lítà 24 ni yóò mu kó tó débẹ̀. Lítà 16 ni 301 yóò mu. Lítà mẹ́jọ nìyẹn ní àlọ nìkan, mẹ́rìndínlógún ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó ń rìn ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó lọ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan ládùúgbò rẹ̀ ṣe ìṣirò. Láàárín ọdún kan, owó yẹn kì í ṣe owó ẹ̀kọ àti àkàrà.

Tó bá di ọ̀nà eléruku ńkọ́?

Ibí yìí ni orúkọ 504 ti jáde. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, nítorí náà táyà máa ń tẹ̀lé kòtò wọlé tẹ̀lé e jáde láìgbé ara ọkọ̀ sókè. Station wagon ní sípíríǹgì méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, mẹ́rin lápapọ̀, kó lè gbé ẹrù láìjókòó sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń ti ọkọ̀ náà lọ. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ lẹ́yìn tó ni táyà tó ń tì í ṣe ń di ilẹ̀ mú tó.

Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa 301. Èyí dára ní títì olóde àti nígbà òjò, ó sì jẹ́ kí àyè pọ̀ sí i nínú ọkọ̀: ọkọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, 504 jẹ́ mítà 4.49, 301 jẹ́ 4.44, ṣùgbọ́n búùtù 301 gba lítà 506. Àmọ́ bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ á fúyẹ́, àwọn táyà tó ń fà á á sì máa yọ̀ lórí iyanrìn.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń yin 504. Ní 1975, Ove Andersson láti Sweden fi í gba ipò kìíní níbi ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹrẹ̀ àti eruku ti ń fọ́ ọkọ̀ bí ìkòkò. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas láti Faransé gba ti Safari, ó tún gba ti Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Àmọ́ ká sọ òótọ́: 504 onílẹ̀kùn méjì tó ní ẹ́ńjìnnì V6 ni Nicolas wà, kì í ṣe irú èyí tó ń kó èrò ní gáréèjì.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò jáde láàyè?

Àwọn tó fẹ́ràn 504 máa ń sọ pé irin rẹ̀ nípọn, pé bó bá kọ lu nǹkan, nǹkan ọ̀hún ló máa wó. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré tó sì dúró lójijì, agbára tó wà nínú eré yẹn gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, láti 60 sí 120, agbára yẹn kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Bí irin ọkọ̀ bá le gbagidi tí kò rún, ara èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ni yóò gba agbára náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ìsinsìnyí kí iwájú rẹ̀ máa rún bíi páálí, kí ibi tí èèyàn jókòó sí má rún. Nígbà tẹ́ ẹ bá rí 301 tí imú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, ẹ má ṣe sọ pé páànù ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Peugeot ronú nípa ààbò nígbà tó ń ṣe 504, ṣùgbọ́n ìmọ̀ 1968 ni ìmọ̀ tó wà nílẹ̀. Kò ní airbag. Kò ní bíréèkì ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. 301 ní méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì 504 mọ́lẹ̀ nínú òjò, táyà á há, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ síbi tó wù ú, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ kò ní dá a lóhùn. Pẹ̀lú ABS, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ sì tún yà fún ohun tó wà níwájú.

Ẹ tún rántí station wagon. Ìjókòó méje ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kò sì ní bẹ́líìtì tó máa dì. Bẹ́ẹ̀ sì ni 504 tó wà lójú ọ̀nà lónìí kì í ṣe 504 ti 1975. Wọ́n ti jó o ní wẹ́dà, wọ́n ti fi pọ́tì dí ihò ìpẹtà rẹ̀, wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Irin tó nípọn nígbà kan ti di ìtàn lábẹ́ ọ̀dà.

Ta ló lè tún un ṣe?

Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti àtúnṣe, 504 ni àgbà tó ní àkísà.

Bí 504 bá kú lójú ọ̀nà, ohun mélòó ló lè fà á? Epo kò dé kábúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì ti dọ̀tí, tàbí kọ́ńtáàtì ti jó. Mẹkáníìkì abẹ́ igi tó ní sípánà mélòó kan lè tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì dá a padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ní Panteka ní Kàdúná, ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ní Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra, títí dé Suame Magazine ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta sípéà páátì àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló jẹ́ pé ara irú ọkọ̀ àtijọ́ báyìí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Bí 301 bá kú, iná pupa tàbí òféfèé kan á tàn níwájú awakọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í fi ẹnu sọ ọ́. Ó dìgbà tí wọ́n bá so ẹ̀rọ tó ń ka ọkàn ọkọ̀ mọ́ ọn. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Á ní kẹ́ ẹ ra sẹ́ńsọ̀ kan, kò ní jẹ́. Á ní kẹ́ ẹ ra òmíràn. Nígbà tó bá fi máa já a, owó tí ọkọ̀ náà ti bá olówó rẹ̀ fi pamọ́ lórí epo ti tán.

Kí ló gbé 504 ró nígbà náà?

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ rò pé irin 504 ló jẹ́ kó pẹ́. Irin nìkan kọ́. Ohun tó yí i ká ni.

Nígbà tí 504 ń jayé, wọ́n ń tò ó ní Kàdúná, Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe táyà l'Ékòó. Ìjọba ń ra ọkọ̀ náà lọ́pọ̀, nítorí náà sípéà páátì rẹ̀ wà níbi gbogbo, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sì wà níbi gbogbo. Ìlànà ìjọba ni pé ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta ní Kogi lónìí yóò máa pèsè irin lọ́jọ́ iwájú.

Ajaokuta kò parí títí dòní. Ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àwọn ohun tí wọ́n ń kó wá láti Faransé láti fi to ọkọ̀ sì di ọ̀wọ́n gógó. Ìjọba àti aráàlú yíjú sí tòkúnbọ̀ tó ń gba Kutonu àti èbúté Èkó wọlé. Michelin ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Nàìjíríà ní 2007, Dunlop tẹ̀lé e ní 2008. Àwọn ọwọ́ tó gbé 504 ró ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì tẹ̀lé wọn.

301 jáde ní ìlú kan náà, ó sì dára jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Àmọ́ kò bá àwọn ọwọ́ yẹn nílẹ̀.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kó ẹbí rẹ̀ rìn ní títì márosẹ̀, kó yan ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ẹ̀mí ṣáájú ìfẹ́ ohun àtijọ́. Àmọ́ kó tó sanwó, kó kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, kó sì wádìí bóyá sípéà páátì rẹ̀ wà nítòsí. Kó tan ọkọ̀ náà, kó wo iná airbag níwájú: ó yẹ kó tàn kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti lè já a kúrò. Bí kò bá kú, airbag lè má ṣiṣẹ́. Airbag pàápàá kì í gba ẹni tí kò de bẹ́líìtì là bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá ṣì ní 504 tó fẹ́ràn, kó má ṣe jù ú nù. Kó máa fi lọ sóko, kó fi rìn nínú ìlú ní pẹ̀lẹ́. Kó wo táyà rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kó de bẹ́líìtì sí gbogbo ìjókòó, kó má sì kó ju èèyàn tó yẹ lọ.

Àwọn tó wà nípò àṣẹ náà ní tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ní Nàìjíríà pẹ́ bíi 504, kí wọ́n ra á fún iṣẹ́ ìjọba kó lè pọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n kó ẹ̀rọ ayẹ̀wò ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní Panteka àti Ládípọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ní ti eré, epo àti ààbò, 301 ti na 504. Ibi tí 504 ti nà án ni pé ìgbàkigbà tó bá kú lójú ọ̀nà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í jìnnà. Ọkọ̀ tuntun tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, bó ti wù kó lágbára tó, yóò kàn di ọkọ̀ tó dára tó dúró sójú kan ni.

 Ẹ rìn jẹ́jẹ́ o.